Àárọ̀ Tí A Kò Da Eérú Síta

Bí irọ́ kan bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí irùngbọ̀n mi jábọ́ sínú ọbẹ̀. Ojú mi ló ṣe, ojú mi kì í sì í ṣe ojú lásán: láti fèrèsé mi ni mo ti ń ka ìyẹ́ apá ẹyẹ ìwò lórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní òpópónà wa ní ìlú Sandomierz, tó dà gẹ̀rẹ́ láti ọjà wá, bí yìnyín bá já mọ́jú, oníkálukú a kó eérú ààrò rẹ̀ dà síwájú ilé kí ẹsẹ̀ ará àdúgbò má baà yọ̀. Ẹni tí kò bá da eérú, a kì í kí i.

Zenon ayafọ́tò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú ló ti ń lé fọ́tò kan: òpópónà wa nínú yìnyín funfun, tí oòrùn àárọ̀ tàn sí i. Lọ́dọọdún ni eérú ń bà á jẹ́. Lọ́jọ́ tí yìnyín wá já débi pé orí òrùlé ni ajá ti ń gbó, ó ń kan ilẹ̀kùn kiri.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì da eérú yín. Ẹ jẹ́ kí oòrùn yọ ná.”

“Ṣé eérú náà ni kò jẹ́ kí o níyàwó?” ni Bogumił oníbúrẹ́dì bi í. Ó gbà ṣá.

Ìyá Leokadia, opó arúgbó tó ń gbé nísàlẹ̀ òpópónà, gbà pẹ̀lú. “Èmi ni mo gbé ọ lọ ṣe ìrìbọmi. Èmi kọ́ ló máa ba fọ́tò rẹ jẹ́.”

Zenon gbé kámẹ́rà kalẹ̀. Ojú ọ̀run kọ́kọ́ rí bí omi ìfọṣọ. Oòrùn yọjú, ilẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ṣùgbọ́n kí Zenon tó fojú sí kámẹ́rà, yìnyín tún ti ń já, kò sì rí nǹkan kan mọ́. Ó nu dígí.

“Zenon, ṣé ká dà á?” ni Bogumił ń ké.

“Ó ku díẹ̀.”

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù.

“Ó ku díẹ̀.”

Ìgbà náà ni ìkùukùu ya bí aṣọ. Oòrùn wọlé gbọọrọ sáàárín àwọn ilé, gbogbo yìnyín tó ń fò di wúrà. Àkókò yẹn gan-an ni Ìyá Leokadia jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìborùn pupa lórí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀.

Zenon rí i. Ìka rẹ̀ tẹ kámẹ́rà. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó sáré.

Ọrùn ọwọ́ ìyá náà dá. Nígbà tí Zenon fọ fọ́tò náà, kò tíì ya irú rẹ̀ rí; ìyá sì wà láàárín rẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì lófuurufú. Òun nìkan ló wà ní yàrá, síbẹ̀ ó fọwọ́ bojú. Ó fẹ́ dáná sun ún, kò lè sun ún. Ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tó gbé ọbẹ̀ lọ fún ìyá, ìyá ní, “Fọ́tò mi ńkọ́?”

“Kò… kò yọ dáadáa, Ìyá.”

“Zenon. Mo gbọ́ tí kámẹ́rà rẹ dún kí n tó kanlẹ̀.”

Kò lè gbójú sókè mọ́. Ó lọ gbé e wá. Ìyá wò ó títí.

“Ìborùn mi wuyì. Gbé e kọ́ ògiri.”

“Ìyá, ẹ dákun…”

“Ògiri mi tó dojú kọ àga tí o máa ń jókòó sí níbí yẹn.”

Ibẹ̀ ló wà dòní. Bí àlejò bá ń béèrè ẹni tó yà á, inú ife tíì ni Zenon ń wò. Bí yìnyín bá sì já, kí ìwò tó ké, ó ti da eérú láti ẹnu ọ̀nà ìyá dé ṣọ́ọ̀ṣì, kámẹ́rà rẹ̀ á wà nílé.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ kan ilẹ̀kùn Ìyá Leokadia. Ó wà láyé, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì ń mọ̀ bí yìnyín bá ń bọ̀. Á ní kó jókòó sí àga Zenon.