Ẹsẹ̀ Tó Jẹ̀bi

Nígbà tí mo parí fásitì tí mo padà sílé ní Dassa, ẹjọ́ kan wà nílẹ̀: èwo ló jẹ̀bi nínú ẹsẹ̀ àbúrò mi obìnrin? Ti òsì kúrú ju ti ọ̀tún lọ. Ìyá wa ń bá ti òsì wí. Ìyá àgbà ní ti ọ̀tún ni.

"Ta ló ní kó máa dá lọ, kó fi ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀?"

Mi ò rí ẹ̀rí tó tó láti dá ẹnikẹ́ni láre.

Àbúrò mi kò dá sí ẹjọ́ náà. Ohun tó ń dùn ún ni pé olùkọ́ katikísìmù ti fi í sẹ́yìn pátápátá nínú ìlà àwọn ọmọ tó fẹ́ gba Kómúníọ̀nù àkọ́kọ́, kí ìlà má bàa wọ́. Àwọn ọmọ sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹsẹ̀ kan ti dé Glazoué, ìkejì ṣì ń wá mọ́tò!"

"Mi ò fẹ́ wà lẹ́yìn," ló ń sọ ṣáá.

A mú un lọ sọ́dọ̀ kiné, ẹni tó ń tọ́jú eegun àti iṣan láìlo ọ̀bẹ. Ó ní kó dúró, ó ń ki pátákó pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ìbàdí rẹ̀ fi dọ́gba. Ó ní ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ. Kí aránbàtà fi àtẹ́lẹ̀ tó nípọn tó pátákó wọ̀nyẹn kún bàtà òsì, kí a sì máa mú ọmọ wá fún àyẹ̀wò bó ṣe ń dàgbà.

Bàtà méjèèjì ni aránbàtà gbé ga.

"Ìyá, ta ni yóò rí bàtà tí ìkan ga ju ìkejì lọ, tí kò ní sọ pé mi ò mọṣẹ́?"

Àbúrò mi wọ̀ ọ́. Ó ń tiro bíi ti tẹ́lẹ̀, àfi pé ó ga sí i. Mo rọra ṣàlàyé fún ọkùnrin náà pé ohun tí a bá fi kún méjèèjì lọ́gbọọgba kò lè mú ìyàtọ̀ kúrò. Ó gbé bàtà náà sókè.

"Mẹ̀síyọ̀, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe rẹwà!"

Tìbànújẹ́-tìbànújẹ́ ló fi gé ti ọ̀tún kúrò.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò mi rìn yí àgbàlá ká láìtiro rárá. "Ọmọ ta nìyẹn?" ni ìyá àgbà wí. Mo tẹ̀lé e lọ síbi tí wọ́n ti ń dánra wò bí wọn yóò ṣe tò lọ gba Kómúníọ̀nù.

Olùkọ́ kó wọn gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Ọ̀nà náà dagun: apá òsì ga, apá ọ̀tún rẹlẹ̀. Gbogbo ọmọ ló tẹ̀ sápá kan, olùkọ́ pàápàá tẹ̀. Àbúrò mi nìkan ni olùkọ́ rí.

"O ò rí i? O ṣì ń tiro."

"Olùkọ́, gbogbo wa la ń tiro."

"Dákẹ́! Àwọn yòókù ń rìn lórí òkè ni."

Àbúrò mi jókòó sórí òkúta, ó bọ́ bàtà méjèèjì, ó fi okùn wọn kọ́ ọrùn. Ẹsẹ̀ kúkurú bọ́ síbi tó ga, ẹsẹ̀ gígùn bọ́ síbi tó rẹlẹ̀. Ó nàró bí ẹni tó ru omi.

Olùkọ́ wò ó títí. Ó wá yíjú sí àwọn tó kù.

"Kí ló ń ṣe yín? Ẹ nàró! Ṣé ẹ ò rí bó ṣe ń rìn ni?"

Wọ́n gbìyànjú. Ọ̀kan ṣubú. Olùkọ́ fa àbúrò mi wá síwájú pé kí wọ́n máa wò ó.

Mo fẹ́ kìlọ̀ fún àbúrò mi pé tí wọ́n bá ń padà bọ̀, òkè yóò bọ́ sápá ọ̀tún, ẹ̀rí náà yóò sì yí padà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣẹ́rí, ó ti jókòó, ó ń di okùn bàtà.

"Kí lo tún ń wọ̀ wọ́n fún? Ṣebí láìsí wọn lo rìn dáadáa?"

"Olùkọ́," ló wí, kò gbójú sókè, "ẹni tó wà níwájú ò gbọdọ̀ rìn ní ẹsẹ̀ lásán."