Ọsàn Tí Aránṣọ Jí

Bí inú bá ń bí Ìyá Ọlọ́sàn, kì í pariwo. Ọ̀bẹ ló máa ń pọ́n.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà: kí ó gbin ọsàn kíkan, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ le; kí ó la èèpo rẹ̀, kí ó ki ojú igi ọsàn dídùn bọ̀ ọ́, kí ó fi ọ̀rá dì í pinpin. Ìsàlẹ̀ kan, òkè dùn. Nígbà tí àrùn pa ọsàn oko wọn, igi tí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nìkan ló kù.

Ìyá Ọlọ́sàn lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin tọ́jú ọmọ tuntun. Ìgbà tó dé, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin fà á lọ́wọ́ lọ sóko.

“Ẹ̀gbọ́n mi, igi bàbá ti gbó jù, ni mo bá gé e. Ẹ wò ó, ó ti ń rú!”

Ó já ewé kan, ó rún un, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Ìsàlẹ̀ ibi tí bàbá ti so ó pọ̀ lo ti gé e! Kíkan ló ń rú yìí. O bẹ́ orí, o wá ń yọ̀ pé èékánná ẹsẹ̀ ń hù. Ẹ̀ka rẹ̀ dà?”

“Mo ti fi dáná.”

Ó ku ibì kan tí irú rẹ̀ wà. Lọ́jọ́ ìsìnkú bàbá, aránṣọ àdúgbò ti yọ́ gé ẹ̀ka igi náà, ó sì lọ so ó mọ́ ọsàn kíkan tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn Ìyá Ọlọ́sàn kì í kí i. Kàkà kó gbé aṣọ lọ fún un, yíya ni yóò wọ̀.

Ó pọ́n ọ̀bẹ, ó lọ.

“Mo wá mú ohun tí ẹ jí.”

Aránṣọ kò gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. “Ká ní mi ò jí i ńkọ́? Kí lẹ ò bá wá mú? Ẹ kọ́kọ́ kí mi ná.”

“Ẹ kú iṣẹ́,” ó ní, bí ẹni tó ń pọ egungun ẹja jáde.

“Hẹn-ẹn. Ó wà lẹ́yìn ilé.”

Ó gé ẹ̀ka kan, ó padà sídìí kùkùté. Àbúrò rẹ̀ na ọ̀rá sí i.

“Gbé e sílẹ̀. Má fọwọ́ kan nǹkan kan.”

Nígbà tí ojú igi tó kì bọ ara kùkùté náà yọ ewé, ó ju aṣọ kan tó ya sórí ẹ̀rọ aránṣọ.

“Ẹ rán an dáadáa,” ó ní. “Mi ò tíì dárí jì yín o.”