Ìkéde Ẹlẹ́ẹ̀kẹta

Títí di òní, tí mo bá wọ ọkọ̀, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni mo máa ń jókòó. Ẹni tí ọkọ̀ akẹ́rù bá ti dà lé lórí rí kì í fi ìjókòó ṣeré.

Olùkọ́ ni mí ní Akaka lẹ́yìn ọdún 1980 díẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo bá Àlàájì kan tó ń ṣòwò obì wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣàgámù. Kí a tó dé oríta ọ̀nà márosẹ̀, ọkọ̀ yí dànù, apẹ̀rẹ̀ obì sì wó bò mí. Àlàájì, tí ojú òun náà ń ṣẹ̀jẹ̀, ló ń gbé wọn kúrò lára mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Tíṣà, wí tẹ̀lé mi," ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké Lá iláha ilaláhù. Mo wí i tẹ̀lé e, mo pe Jésù mọ́ ọn, mo tún padà sórí tirẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ó rò pé mò ń kú lọ ni, pé ọ̀rọ̀ tí àwọn Mùsùlùmí ń fi sẹ́nu ẹni tó ń lọ ni. Ó ń sìn mí sọ́nà. Èmi ń fi í di ayé mú.

Nígbà tí mo lè rìn, mo fẹ́ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú ìjọ wa, olùṣọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rí kí ìjọ tó gbọ́. Ó gbọ́ tèmi tán, ó ní tí n bá dé ibi Àlàájì, kí n fò ó.

Mo ní, "Jésù ló rán an sí mi, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Jésù wo ló ń rán oníkéú níṣẹ́?"

Ó wá rán mi létí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé wọ́n ti kéde ìgbéyàwó èmi àti àfẹ́sọ́nà mi lẹ́ẹ̀mejì, pé ọjọ́ Ìsinmi tí mo fẹ́ jẹ́rìí yẹn gan-an ni ìkéde kẹta, lẹ́yìn ẹ̀rí. Láìsí ìkẹta, kò sí ìsopọ̀.

Èmi kì í ṣe alágídí. Mo pinnu láti fò ó. Mo dìde, mo sọ bí ọkọ̀ ṣe dà. Ahọ́n mi dé ibẹ̀, kò lọ mọ́.

Mo ní, "Mùsùlùmí ló yọ mí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rẹ̀ wà lẹ́nu mi, orúkọ Jésù wà lẹ́nu mi, mo sì yè. Mi ò ní fi irọ́ dúpẹ́."

Àwọn ìyá àgbà kan ti ṣe àmín kí wọ́n tó rántí wo ojú olùṣọ́.

Olùṣọ́ ṣí ìwé ìkéde. Ó ka ìpàdé àwọn ìyá, ó ka ti ìmọ́tótó àyíká, ó pa ìwé dé.

Níta, bàbá àfẹ́sọ́nà mi, tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọ, ní kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún olùṣọ́, kí n sọ pé ìjàǹbá ọkọ̀ ló da orí mi rú.

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Orí mi pé."

Ọmọ rẹ̀ gba Bíbélì lọ́wọ́ mi, ó ṣíwájú.

Kọ́ọ̀tù ni wọ́n ti so wá pọ̀. Bàbá kò wá. Ìyá ìyàwó mi wá, ó ní òun kàn ń kọjá lọ sọ́jà ni, tòun ti gèlè ọdún lórí.