Akọni Tí Ohunkóhun Kò Lè Mú

Ní ọdún tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ tí n kò tíì rí iṣẹ́ gidi, àtàǹpàkò mi méjèèjì ló ṣiṣẹ́ jù lọ nínú gbogbo ara mi. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mò ń gbé, sójà tó ti fẹ̀yìntì, tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà-Ọba ní Ìlọrin. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi kọ́ńgò wọn ìrẹsì fún oníbàárà, ṣùgbọ́n orí fóònù ni ojú mi máa ń wà, torí mo ti sọ ara mi di òǹkọ̀wé. Irú ìtàn tí gbogbo ọ̀dọ́ ń kà nígbà yẹn lèmi náà ń kọ: ẹnìkan á kú ní ayé yìí, á tún jí sí ayé mìíràn, agbára tí ẹnikẹ́ni kò ní á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Akọni tèmi ń sọdá títì ní Post Office nígbà tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tó kó iṣu gbá a. Nígbà tó máa lajú, ó ti di ọmọ ọba ní ìlú kan tí òṣùpá méjì ti ń yọ. Bó bá sín, òkè á wó. Bó bá bínú, odò á gbẹ.

Ojoojúmọ́ ni mò ń fi orí kan ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ òǹkàwé tí mo dá sílẹ̀ lórí WhatsApp. Ní oṣù àkọ́kọ́, ńṣe ni wọ́n ń pọ̀ bí eṣú. Kí n má parọ́, nínú gbogbo wọn, ẹnìkan ṣoṣo ni mò ń kọ ọ́ fún, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Challenge. Bó bá ti kọ “háà!” sábẹ́ orí kan, n kò tún wá oúnjẹ ọ̀sán mọ́. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe ń fi agbára kún agbára. Akọni mi pa ejò olórí méje lọ́jọ́ Àtìní, ó ṣẹ́gun ẹgbẹ̀rún jagunjagun lọ́jọ́ Àtàláátà, nígbà tó fi máa di Jímọ̀, kò sí ọ̀tá kankan mọ́ ní ayé náà. Mo ní láti gbé e lọ sí ayé kẹta kó tó lè rí ẹni lù.

Àfi bí àwọn òǹkàwé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé agbára rẹ̀ ni kò tíì tó, mo bá fún un ní ojú kẹta. Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin Challenge kọ̀wé sí mi: “Ẹ má bínú, brọ̀dá. Mo ti mọ̀ pé ó máa borí. Ẹ bá mi kí i.” Ó jáde. Mo jókòó sórí àpò ẹ̀wà, ó ń ṣe mí bí ẹni pé èmi gan-an ni kẹ̀kẹ́ gbá, tí n kò sì jí sí ibì kankan.

Bí ẹ bá mọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ẹ ó mọ̀ pé kò sí ìdí kankan tó fi yẹ kí n lọ wá alágbára sí ìlú olóṣùpá méjì. Ọwọ́ kan ló fi ń gbé àpò ìrẹsì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ yẹn, kẹ̀kẹ́ kan já sínú gọ́tà níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, òun nìkan ló gbé e jáde. Ìyá oníbúrẹ́dì tó wà ní òdìkejì kò tilẹ̀ yíjú. Ó kàn ní, “Sójà, ẹ kú iṣẹ́,” ó ń bá búrẹ́dì rẹ̀ lọ. Wọ́n ti rí i jù.

Kò pẹ́ sí i tí ìyá rẹ̀ dé, ìyẹn ìyá ìyá mi, láti abúlé tí wọ́n ti ń dáko. Màmá kékeré báyìí ni, kò ga ju ìbàdí ọmọ rẹ̀ lọ. Sójà ti ṣèlérí pé òun á lọ pàdé rẹ̀ ní gáréèjì, ó sì gbàgbé pátápátá. Màmá gbé agbọ̀n iṣu rẹ̀ kalẹ̀, ó nu òógùn ojú.

“Ìwọ lo ní kí n dúró dè ọ́?”

“Ìyá, ẹ má bínú. Ó yọ lọ́kàn mi ni.”

“Kúnlẹ̀.”

“Ìyá, níwájú gbogbo èèyàn yìí?”

“Ṣé mo ní kí o ka èèyàn ni? Mo ní kí o kúnlẹ̀, kí o gbọ́wọ́ sókè.”

Gbogbo òpópónà náà yíjú sí wọn. Oníkẹ̀kẹ́ kan pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kó lè gbọ́ dáadáa. Ìyá oníbúrẹ́dì gbé igbá sọ̀ kalẹ̀. Ìrẹsì tí mò ń wọ̀n ti kún kọ́ńgò, ó ń dà sílẹ̀, oníbàárà gan-an kò sì sọ fún mi, torí òun náà ń wòran. Ṣé ó máa kúnlẹ̀ àbí kò ní kúnlẹ̀? Sójà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì kúnlẹ̀, ó gbé apá méjèèjì sókè bí ọmọ iléèwé. Síbẹ̀ ó ṣì ga ju Màmá lọ, ó ní láti tẹ orí ba kí ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó lè tó etí rẹ̀. Màmá fà á dáadáa. Lẹ́yìn náà ó wò ó lójú, ó ní, “Ṣé o ti jẹun?” Kó tó dáhùn, ó ti mú wàrà díndín kan nínú ọ̀rá, ó ki í bọ̀ ọ́ lẹ́nu, apá ọkùnrin náà ṣì wà lókè.

Ẹ̀rín tí ọjà rín lọ́jọ́ náà, wọ́n á gbọ́ ọ dé ààfin. Èmi kò tètè rín. Mo ń rò ó pé bó bá jẹ́ èmi ló kúnlẹ̀ síbẹ̀, kò sí oníkẹ̀kẹ́ tó máa pa ẹ́ńjìnnì nítorí mi. Ọkùnrin tó gbé kẹ̀kẹ́ nínú gọ́tà ni gbogbo wọn dúró wò, torí orúnkún ara rẹ̀ ni kò lè gbé nílẹ̀ títí ìyá rẹ̀ á fi yọ̀ǹda.

Lọ́sàn-án, mo sọ ìtàn akọni mi fún Màmá.

“Ta ló ń bẹ̀rù?” ó bi mí.

“Kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, Màmá.”

“Ta ló ń tọ́jú?”

“Kò sí.”

“Kí ló wá jí wá ṣe? Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Ẹni tó ti kú, kó sùn jẹ́ẹ́ de ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.”

Mo pa ojú kẹta rẹ́. Mo fún akọni mi ní ìyá, olorì kékeré kan tí kò mọ̀ pé ọmọ òun lè wó òkè, tó ti fi Ọlọ́run búra pé ọmọ òun kò gbọdọ̀ jà. Àwọn ọ̀tá dé ẹnu odi ìlú, ìyá ní kí ó wọlé lọ jókòó. Ibẹ̀ ni mo parí orí náà sí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì, ìwé ti dé láti Challenge: “Brọ̀dá, wọ́n ní ìtàn yẹn ti yí padà. Ṣé ó jókòó àbí kò jókòó?” Mo ka ìbéèrè yẹn tó ìgbà mẹ́wàá.

Ìtàn náà dé etí Sójà nígbẹ̀yìn. Ó pè mí sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. “Mo gbọ́ pé o ti fi mí kọ̀tàn.” Mo ti ń wá ibi tí màá gbà sá. Ó ní, “Ìyá tó wà nínú rẹ̀ ti rọ̀ jù. Lọ tún un kọ.”

Ọmọbìnrin Challenge yẹn ti lọ sílé ọkọ ní Ọ̀fà, ó ṣì ń pè mí ní brọ̀dá, iléèwé ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Màmá ti re ibi àgbà ń rè. Nígbà tí mo lọ kí Sójà lọ́jọ́ ọdún Iléyá tó kọjá, ó ní kí n ka ìtàn náà fún òun, mo sì kà á. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Kò sí ẹni tó lè ní kí n kúnlẹ̀ mọ́ ní gbogbo Ìlọrin yìí.”

Bó bá jẹ́ ìgbà yẹn ni, ǹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ akọni tó ń fọ́nnu. Mo kàn sún mọ́ ọn lórí àga, a jọ jókòó síbẹ̀.