Pèrègún Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé Wa

Ọjọ́ tí mo fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé ara mi, ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mi ò bá a wí.

Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀nà ní ìjọba ìbílẹ̀ wa ni mo ti ṣiṣẹ́ dàgbà. Èmi ni mò ń fa okùn ìwọ̀n, èmi náà ni mò ń fi ọ̀dà sàmì sí ohun tí katapílà máa wó. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ títì tó ti Ìdèrè lọ sí Ìgbó-Ọrà, wọ́n ní ilẹ̀ tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ láyé àwọn baba wa nìkan la máa gbà. Ọ̀gá mi wọ̀n ọ́n láti àárín títì, bí ó ṣe wọn ọ̀tún ló ṣe wọn òsì. Ìwọ̀n náà já sórí sàréè Ìyá Sàdíà, níwájú ilé tó kọjú sí tiwa.

Ọkọ rẹ̀, Bàbá Sàdíà, àgbẹ̀ tí ẹsẹ̀ ti ń dùn, jókòó ti sàréè náà. Kò bá wa jà.

"Ṣé ẹ ti wo pèrègún?" ló bi wá.

Ta ni ò mọ̀ pé pèrègún ni ààlà? Àmọ́ baba ṣàlàyé pé nígbà tí àwọn awọnlẹ̀ àkọ́kọ́ ri òpó símẹ́ńtì mọ́lẹ̀ láti fi pààlà ilẹ̀ ìjọba, àwọn àgbà gbin pèrègún ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí símẹ́ńtì lè fọ́, pèrègún kì í tètè kú. A rí èyí tó wà lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀, láàárín títì àti sàréè. Inú ilẹ̀ baba ni sàréè náà wà. Ọ̀gá mi ní a jẹ́ pé títì àtijọ́ ò sí láàárín ilẹ̀ ìjọba, ó yẹ̀ sápá kan, ká wá pèrègún ìkejì lódìkejì.

Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ògiri wa ló wà, orí rẹ̀ ni ìyàwó mi ń sá aṣọ sí, èmi sì rò pé ààlà àwa àti aládùúgbò ni. Bó bá jẹ́ òun ni, ṣọ́ọ̀bù tí ìyàwó mi ti ń ránṣọ níwájú ilé ti lọ nìyẹn. Wọ́n ní òtítọ́ korò. Lọ́jọ́ yẹn, mo jẹ ẹ́ láìmu omi. Mo mú wọn lọ síbẹ̀. A gbẹ́ ìdí rẹ̀, a bá kùkùté símẹ́ńtì.

Mo bi baba ìdí tí kò fi sọ fún wa pé ẹ̀gbẹ́ ilé mi ni ìkejì wà.

"Mi ò lè fi ọwọ́ ara mi júwe ilé rẹ fún katapílà."

Kí wọ́n tó wó ṣọ́ọ̀bù náà, baba ránṣẹ́ sí ìyàwó mi pé kó wá gbé máṣíìnì rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun. Ibẹ̀ ló ti ń ránṣọ títí dòní. Láràárọ̀, kó tó jókòó, ó máa ń gbá àyíká sàréè yẹn, kò sì sẹ́ni tó rán an.