Ọjọ́ Tí Odindi Ilé Há sí Kọ́nà Wa

Nínú gbogbo ayálégbé tó ti jẹ́ kí ojú mi rí màbo, kò sí èyí tó tó bàbá tó ń gbé ní kọ́nà.

Ọgbà tí mò ń ṣe máníjà rẹ̀ kò jìnnà sí Duncanville, ní gúúsù Dallas. Ilé onítáyà ni èmi ń pe àwọn ilé tó wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń kàn wọ́n, wọ́n á gbé wọn ka irin gígùn àti táyà, ọkọ̀ akẹ́rù á sì fà wọ́n wá sórí pulọ́ọ̀tì tí onílé bá háyà lọ́wọ́ wa. Tí wọ́n bá ti yọ táyà, tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gbé e ró, tí iná àti omi sì ti wọlé, ó di ilé nìyẹn. Kí n tó débẹ̀, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, títí ẹ̀yìn mi fi kọ̀ láti gbé èèyàn mọ́. Mo rò pé iṣẹ́ ọ́fíìsì á rọrùn. Mi ò tíì mọ bàbá kọ́nà nígbà yẹn.

Tí mo bá ṣílẹ̀kùn ní aago mẹ́sàn-án, bàbá á ti dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé ẹ̀sùn lọ́wọ́. Òyìnbó ni, ó ga, ó gbẹ, fìlà kan náà ló ń dé lójoojúmọ́. Ajá ará iwájú ń gbó. Ọmọdé gbá bọ́ọ̀lù sórí koríko òun. Ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí pẹ́ dé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tètè dé jù. Ìgbà kan wà tó kọ̀wé fẹjọ́ èmi gan-an sun èmi gan-an, pé mo kí òun káàárọ̀ nígbà tí aago méjìlá ti kọjá.

Bọ̀dá kan, ọmọ Ọ̀yọ́, ló ń bá wa tún nǹkan ṣe nínú ọgbà. Ó jù mí lọ dáadáa, síbẹ̀ Màdáámù ló ń pè mí níbi iṣẹ́. Òun ló sọ bàbá ní Bàbá Oníwèé.

"Màdáámù, Bàbá Oníwèé ti ń bọ̀ o," á sọ láti ojú fèrèsé. "Ẹ tètè mumi."

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀dọ́bìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ra ilé onítáyà. Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Arlington níbí ni wọ́n bí i sí. Ilé tó máa kọ́kọ́ jẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ó háyà pulọ́ọ̀tì tó ṣófo ní ìparí ọgbà, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ilé sì lè gbà débẹ̀. Ọ̀nà náà yí níwájú ilé Bàbá Oníwèé, ibẹ̀ gan-an ni bàbá sì gbé ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ sí, lórí kẹ̀kẹ́ irin tí táyà rẹ̀ ti jò, ìdí rẹ̀ yọ sójú ọ̀nà.

Mo lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà. Òyìnbó là ń sọ, ṣùgbọ́n lọ́kàn mi, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ilé kan ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ẹ bá wa sún ọkọ̀ ojú omi yín sẹ́yìn díẹ̀."

"Ọkọ̀ yẹn ti wà níbẹ̀ kó o tó dé."

"Òfin ọgbà sọ pé ohunkóhun ò gbọ́dọ̀ yọ sójú ọ̀nà, sà."

"Kọ ọ́ sínú ìwé," ó ní, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́jọ́ kejì, ó dá ìwé náà padà fún mi. Ó ti fi bírò pupa tún gírámà mi ṣe, ó sì fún mi ní máàkì: mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Èmi tí mo ṣe tíṣà ní Ìbàdàn fún ọdún mẹ́rin! Bọ̀dá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Òfin fún mi láyè láti pe ọkọ̀ tó máa wọ́ ọkọ̀ ojú omi náà lọ, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ tó ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí mo bá fún un níwèé, ọjọ́ mẹ́ta péré ló sì kù. Mo pe awakọ̀ tó máa fa ilé náà wá. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun á fọgbọ́n kọjá.

Ọjọ́bọ̀ dé. Mo ti rí ilé tó ń rìn lójú títì lọ́pọ̀ ìgbà, síbẹ̀ ara mi kì í gbà á. Ọkọ̀ kékeré oníná yẹ́lò ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ni odindi ilé yọ, tòun ti fèrèsé, tòun ti òrùlé, àsíá pupa ń fẹ́ lẹ́lẹ́ ní igun rẹ̀. Àwọn ayálégbé tú jáde. Nọ́ọ̀sì wa ń fò sókè níwájú ọ́fíìsì, ó ń fi fóònù ya fọ́tò, ó ń pariwo lédè Òyìnbó pé fèrèsé kíṣìnnì òun nìyẹn, kí n wò ó, fèrèsé kíṣìnnì òun!

Wọ́n dé kọ́nà. Awakọ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan, gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan, ìdí ilé fẹ́ gbá ọkọ̀ ojú omi. Ó padà sẹ́yìn, ó tún un ṣe. Nígbà kẹta, táyà ẹ̀yìn ilé já sí gọ́tà. Ilé náà fì sápá kan, nǹkan sì ké kẹ̀ẹ́ nínú ògiri rẹ̀. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ojú.

Bàbá Oníwèé wà ní ìta rẹ̀, lórí àga, pẹ̀lú kọ́ọ̀pù kọfí. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa lọ sọ sí i lẹ́nu, ni awakọ̀ bá tún tẹ iná mọ́tò.

"Dúró!" Bàbá ti dìde, kọfí dà sílẹ̀. "Pa ẹ́ńjìnnì yẹn! Ṣé o fẹ́ dá a lẹ́yìn ni?"

Ó sọ̀kalẹ̀ wá, ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó yọjú sábẹ́ ilé, ó sì fi ọwọ́ gbá irin rẹ̀.

"Irin yìí ti ń tẹ̀. Tó o bá fà á báyìí, ilé yìí á pín sí méjì."

"Ta ni yín?" awakọ̀ bi í.

"Mo ti ń fa ilé kiri Texas kí wọ́n tó bí ẹ."

Ẹnu yà mí. Fáìlì rẹ̀ ní ọ́fíìsì mi nípọn ju Bíbélì mi lọ, kò sì sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí mo ti rí iṣẹ́ tó ṣe jẹun.

"Ìwọ, máníjà!" ó ké sí mi. "Pákó! Èyí tó nípọn!"

Mo sáré. Èmi tí mò ń ṣọ́ ẹ̀yìn mi rìn, mo sáré! Bọ̀dá ti ń gbé jáàkì bọ̀. Bàbá yíjú sí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, ó wò ó díẹ̀.

"Ẹ gbé e kúrò."

Èèyàn mẹ́jọ ló bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, títí kan alájá iwájú ilé rẹ̀.

"Ibo ni ká gbé e sí, sà?" ni mo bi í.

"Ibi tó bá wù yín!"

Ó fọwọ́ ara rẹ̀ fa òpó àpótí lẹ́tà rẹ̀ tu. Ó wá ní kí awakọ̀ gba orí koríko òun kọjá.

"Lórí koríko yín?" Mi ò gba etí mi gbọ́.

"Àbí ó dìgbà tí mo bá kọ ọ́ sínú ìwé?"

Wọ́n fi jáàkì gbé ilé, wọ́n ti pákó sábẹ́ táyà, ó jáde nínú gọ́tà. Bàbá wá ń fi ẹ̀yìn rìn níwájú ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ lókè. "Sọ́tùn-ún. Díẹ̀ sí i. Díẹ̀. Dúró! Ó yá, máa bọ̀." Àlàfo tó wà láàárín ògiri ilé náà àti òrùlé bàbá kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Kò sẹ́ni tó mí. Igun ilé kọjá.

"Ó ti bọ́ o!" Bọ̀dá ló kọ́kọ́ figbe ta. Ariwo sọ. Nọ́ọ̀sì fò mọ́ mi lọ́rùn, mo gbé e, mo gbàgbé ẹ̀yìn mi pátápátá. Yorùbá ni mo ń ké lójú gbogbo wọn, kò sì sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mò ń sọ. Awakọ̀ ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún bàbá, bàbá gòkè, ó sì ń fọn fèrè ọkọ̀ náà títí wọ́n fi dé ìparí ọgbà.

Nígbà tó padà, mo gbé omi tútù lọ bá a, mo jókòó tì í.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi pé iṣẹ́ yín nìyí?"

"O ò bi mí. Ìwé nìkan lo máa ń mú wá."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, sà?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní orúnkún òun ló lé òun kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àti pé láti orí àga yẹn lòun ti ń wo àwọn awakọ̀ ọmọdé tó ń fi ilé gbá òpó, tí inú òun sì ń bàjẹ́.

Mi ò ní purọ́, kò tíì yéé bá alájá jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọ́fíìsì mi ni ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ wà báyìí, Bọ̀dá sì ti ra ẹ̀wù yẹ́lò fún un, irú èyí tí àwọn tó ń darí ọkọ̀ máa ń wọ̀. Lóṣù tó kọjá, ilé mìíràn ń bọ̀. Mi ò tíì jẹun àárọ̀ tí fóònù mi fi dún.

"Aago mélòó ló máa dé?" Ohùn rẹ̀ ń yára bíi ti ọmọ tó fẹ́ lọ wo ọkọ̀ òfuurufú.

Nígbà tí mo dé, ó ti wà lẹ́nu géètì, àsíá pupa lọ́wọ́. Mo kí i, mo dúró tì í. Láìpẹ́, a gbọ́ ẹ́ńjìnnì kan tó ń gbin láti ojú títì.

"Gbọ́," ó ní, ó di apá mi mú. "Òun nìyẹn."