Igun Èékánná Bàbá Mi

Bí òórùn òrí bá ta sí mi nímú, pálọ̀ bàbá mi ní Oǹdó ni ọkàn mi máa ń sáré lọ. Bàbá á wà lórí àga, èmi á wà lórí àpótí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà lórí itan mi. Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ní Alágbàká, àmọ́ ní gbogbo ìparí oṣù, mo máa ń lọ gé èékánná fún un torí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Afínjú burúkú ni mí, ọ̀rẹ́ mi. Màá ki ẹnu abẹ bọ igun méjèèjì, màá gbẹ́ ẹ roboto, màá wá fi òrí pa ẹsẹ̀ náà títí á fi máa dán. Bàbá á ní, "Ìyá mi, ṣé ọkọ ìyàwó ni mí ni?" A ó jọ rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, mo fọwọ́ kan àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ó ti wú, ọyún wà létí èékánná. Bàtà tó fún tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni mo dá lẹ́bi. Nọ́ọ̀sì tí mo gbé e lọ bá ló là mí lójú.

"Àǹtí, ta ló ń gé èékánná yìí? Tààrà là ń gé e, a kì í gbẹ́ igun rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbẹ́ ẹ, inú ẹran ló máa hù wọ̀."

Ojú tì mí gan-an. Wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ èékánná náà kúrò, wọ́n ní kó máa ki ẹsẹ̀ bọ omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́, kó sì máa wọ sálúbàtà. Bí a ṣe ń padà sílé, mo bi í pé láti ìgbà wo ló ti ń dùn ún. Ó ní ó ti tó oṣù mẹ́ta.

"Ẹ̀hẹ́n! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Tí mo bá sọ, o ò ní gé e mọ́. Tó ò bá gé e mọ́, kí lo tún máa wá ṣe níbí?"

Mo ní, "Bàbá, ṣé èékánná ló bí mi ni?" Mo fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀rín.

Ẹsẹ̀ náà jinná, nọ́ọ̀sì yẹn ló sì ń bá a gé e látìgbà náà. Èmi wá dẹwọ́ nínú lílọ sí Oǹdó. Iṣẹ́ pọ̀, oṣù kan di mẹ́ta, ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an ni mo ṣe. Ìgbà tí wọ́n pè mí láti Oǹdó, Bàbá ti jáde láyé.

Mo ti mọ èékánná gé báyìí, tààrà ni mo ń gé ti àwọn ọmọ mi. Ìbéèrè rẹ̀, pé kí ni mo tún máa wá ṣe, ni mi ò dáhùn. Ó yẹ kí n ti sọ fún un pé, "Bàbá, mo kàn máa wá jókòó tì yín ni."